Ilé Alájà Tí A Fi Igi Kọ́: Ohun Tí Òfin Gbọ́dọ̀ Béèrè Kí Ó Tó Gbà Á Láyè

Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà tó ti Ìlọrin lọ sí Jẹ́bà kọjá ní Òkè-Oyi, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìlọrin, yóò rí ilé búlọ́ọ̀kù, yóò sì rí ilé amọ̀. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní igi nínú. Igi ló gbé páànù dúró, igi ló di ilẹ̀kùn mú, igi àti ọparun ni àwọn bíríkìlà fi ń ti dẹ́kìn ró títí kọnkéré yóò fi gan. Nígbà tí owó sìmẹ́ǹtì àti irin bá wá ń ga, tí àwọn èèyàn sì ń gbọ́ pé wọ́n ti ń fi igi kọ́ ilé alájà 18 lókè òkun, ìbéèrè tó mọ́gbọ́n wá ni bí ẹnì kan bá bi wá pé: kí ló dé tí àwa náà kò fi igi kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì?

Ìbéèrè náà ni a fẹ́ dáhùn níhìn-ín. A ó sọ ohun tí òfin ìkọ́lé ń ṣe, bí àwọn orílẹ̀-èdè kan ṣe yí tiwọn padà kí ilé onígi lè ga sí i, ibi tí òfin tiwa dé, àti ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwárà kí irú àyípadà bẹ́ẹ̀ tó lè ṣe wá ní oore. Ìdáhùn wa ní kúkúrú ni pé igi kò yí padà ní àwọn ilẹ̀ wọ̀nyẹn. Ìmọ̀ wọn nípa igi ló jinlẹ̀ sí i, àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún ilé ló sì le sí i. Ibẹ̀ ni àwa náà gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Igi kì í ṣe àlejò nínú ilé wa

Ọ̀rọ̀ náà “àjà” tí a fi ń ka ìpele ilé lónìí ti pẹ́ lẹ́nu wa. Nínú ilé amọ̀ àtijọ́, àwọn baba wa a máa to igi láti orí ògiri kan dé èkejì, wọn a sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ lórí. Orí àjà náà ni wọ́n ń kó irè oko àti ẹrù sí. Bí iná bá mú koríko òrùlé, amọ̀ tó bo igi yìí kì í jẹ́ kí iná tètè já wọ inú yàrá. Kí ẹ jọ̀wọ́ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún fi í ṣe àpẹẹrẹ níwájú.

Nígbà tí pẹ́tẹ́ẹ̀sì dé, igi náà ni a fi ṣe òkè rẹ̀. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí a kà sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí sí Àgbádárìgì ní 1845, pákó ni wọ́n tẹ́ sí ilẹ̀ òkè rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ pẹ́tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ní àwọn ìlú wa: ògiri amọ̀ tó nípọn, igi ìdábùú, àti pákó lórí igi. Lẹ́yìn náà ni kọnkéré gba ipò pákó. Ilé onípele igi kan tàbí méjì kì í ṣe ohun tuntun sí wa, nígbà náà. Ohun tó jẹ́ tuntun ni kí igi máa gbé àjà mẹ́fà, méjìlá tàbí méjìdínlógún.

Kí ni òfin ìkọ́lé ń béèrè?

Òfin ìkọ́lé kò kórìíra ohun èlò kankan. Ohun mẹ́rin ló ń bi ilé léèrè. Èkíní, ṣé ilé náà lè gbé ẹrù ara rẹ̀, ti àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, àti agbára ìjì? Èkejì, bí iná bá ṣẹ́, ṣé yóò dúró pẹ́ tó tí gbogbo èèyàn yóò fi jáde, tí panápaná yóò sì fi dé? Ẹ̀kẹta, ṣé òjò, ọ̀rinrin àti ikán kò ní jẹ ẹ́ run kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé? Ẹ̀kẹrin, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò, ta ló sì fọwọ́ sí i?

Ìbéèrè kejì ló dín gíga ilé onígi kù kárí ayé. Ní 1666, iná ńlá kan jó ìlú London fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí pé igi ni ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀, wọ́n sì fún mọ́ra. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún tó tẹ̀ lé e pa á láṣẹ pé bíríkì tàbí òkúta ni kí wọ́n fi kọ́ ògiri ìta ilé tuntun. Àwọn ìlú mìíràn tí irú àjálù bẹ́ẹ̀ bá náà ṣe òfin tó jọ ọ́. Ẹ̀rù tó wà nínú òfin wọ̀nyí, ẹ̀rù tó nídìí ni.

Ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè kan yí padà

Oríṣi ilé onígi méjì ló wà, ó sì yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ wọn. Oríṣi àkọ́kọ́ ni èyí tí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe férémù rẹ̀, bí ẹni ṣe férémù òrùlé, tí a wá fi pákó tàbí bọ́ọ̀dù bo ojú rẹ̀. Irú èyí pọ̀ gan-an ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Oríṣi kejì ni èyí tí a fi ìtì igi ńláńlá kọ́. Wọ́n á to pákó gbígbẹ ní ìpele-ìpele, ìpele kan á dùbúlẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á dábùú rẹ̀, wọ́n á sì fi àtè líle lẹ̀ wọ́n pọ̀ di odidi ògiri tàbí odidi ilẹ̀ òkè. Ilẹ̀ Austria àti Jámánì ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ láti àwọn ọdún 1990.

Ní 2009, ẹkùn British Columbia ní Kánádà yí òfin rẹ̀ padà, ó sì gbà kí ilé gbígbé onífèrémù igi, tí kò gbọ́dọ̀ kọjá àjà mẹ́rin tẹ́lẹ̀, ga dé mẹ́fà. Ní ọdún kan náà, ní Hackney ní London, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, wọ́n parí ilé alájà 9 kan tó ń jẹ́ Stadthaus: kọnkéré ni ti ìsàlẹ̀, igi alákànpọ̀ ni mẹ́jọ tó wà lókè. Nígbà tó di 2017, Yunifásítì British Columbia ní Vancouver ṣí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ alájà 18. Ní 2019, Norway parí Mjøstårnet, tí gíga rẹ̀ ju mítà 85 lọ. Ní 2022, ilé alájà 25 tí wọ́n ń pè ní Ascent dìde ní Milwaukee ní Amẹ́ríkà, kọnkéré ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, igi ni òkè.

Ìwé òfin ìkọ́lé tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé gba àwọn ilé igi ńlá wọ̀nyí wọlé nínú ẹ̀dà ti 2021. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ yẹ kí a kọ́. Òfin náà pín wọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ilé tí igi rẹ̀ hàn síta kò gbọ́dọ̀ kọjá àjà 9. Èyí tí a bo púpọ̀ nínú igi rẹ̀, tí ìwọ̀nba díẹ̀ hàn, lè dé 12. Èyí tó bá fẹ́ dé 18 gbọ́dọ̀ fi ohun tí kò lè jó bo gbogbo igi rẹ̀ pátápátá. Gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń tú omi láti òkè fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá ṣẹ́. Bí ilé bá ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí òfin ń béèrè ń pọ̀ sí i. Ohun tí àwọn baba wa fi amọ̀ ṣe lórí àjà wọn ni òfin yìí ń fi bọ́ọ̀dù ṣe.

Kò sí ìdí láti rò pé gbogbo ayé ń lọ sí ọ̀nà kan. Ní oṣù Kẹfà 2017, iná jó Grenfell Tower ní London, èèyàn 72 sì kú. Ilé kọnkéré ni. Ohun tí wọ́n fi bo ara rẹ̀ níta ló gbé iná náà gòkè. Ní ìparí 2018, ìjọba England fòfin de lílo ohun tó lè jó nínú ògiri ìta ilé gbígbé tó bá ga tó mítà 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin náà mú igi pẹ̀lú. Ìlú tó síwájú nínú ilé igi gíga wá fà sẹ́yìn lẹ́yìn tó rí ohun tó bà á lẹ́rù.

Báwo ni ohun tó ń jó ṣe lè dúró nínú iná?

Ẹni tó bá ti dá iná rí mọ̀ pé ṣíìṣí igi máa ń jó ráúráú, ṣùgbọ́n kùkùté ńlá lè wà nínú iná di ọjọ́ kejì. Nígbà tí iná bá mú ìtì igi tó nípọn, ojú rẹ̀ á di èédú, èédú náà á sì dáàbò bo inú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti wọn bí iná ṣe ń wọ inú igi fẹ́lẹ́: nǹkan bíi mìlímítà 0.65 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ní wákàtí kan. Ẹnjiníà lè fi èyí ṣe ìṣirò. Bí òpó bá nílò sẹ̀ǹtímítà 30 láti gbé ẹrù rẹ̀, yóò fi kún un ní gbogbo ojú tí iná lè gbà wọlé, kí èyí tó kù lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì lè ṣì gbé ilé dúró. Irin kì í jó, ṣùgbọ́n nígbà tí ooru bá tó nǹkan bíi 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ ti lọ.

Ìṣirò kan náà ló fi ewu pákó tẹ́ẹ́rẹ́ hàn. Pákó tó nípọn tó ínṣì kan, bí iná bá mú un ní ojú méjèèjì, kò ní tó 20 ìṣẹ́jú kó tó tán. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ ìròyìn ilé igi ní Norway kí ó wá gbà pé pákó tí à ń rà ní sọ́mìlì lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ohun èlò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Níbo ni òfin tiwa dé?

Nàìjíríà kò ṣófo nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1973 ni ìlànà orílẹ̀-èdè ti wà lórí lílo igi fún ìkọ́lé, èyí tó pín àwọn igi wa sí ìsọ̀rí méje gẹ́gẹ́ bí agbára wọn. Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí Òfin Ìkọ́lé ti Orílẹ̀-èdè, tó tọ iṣẹ́ ilé láti ìgbà tí a kò tíì ya àwòrán rẹ̀ títí dé ìgbà tí èèyàn ti ń gbé inú rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, òfin ètò ìlú ti 1992 ti pa á láṣẹ pé kí a gba ìwé àṣẹ kí iṣẹ́ ilé tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní 2003, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ nínú ẹjọ́ tó wà láàárín Ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀ pé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni àkóso ètò ìlú wà. Ìtumọ̀ èyí ni pé ohun tí Àbújá bá kọ sínú ìwé gbọ́dọ̀ di òfin ìpínlẹ̀ kí ó tó lè lágbára tó péye lórí ilé tí à ń kọ́ níhìn-ín. Bí ọjọ́ kan bá wà tí a ó gbé gíga ilé onígi sókè ní Kwárà, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wa àti àwọn tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé ní ìpínlẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ náà yóò wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ wa ni, kì í ṣe ti ará òkèèrè.

Àpẹẹrẹ kan wà tó sún mọ́ wa. Ní 2013, wọ́n parí ilé-ìwé kan tó léfòó lórí omi ní Mákòko ní Èkó, láti ọwọ́ ayàwòrán ilé Kúnlé Adéyẹmí. Férémù igi ni, ó ní ìpele mẹ́ta, gíga rẹ̀ tó mítà 10, àwọn àgbá oníke ló sì gbé e lórí omi. Ayé gbọ́ nípa rẹ̀, ayé sì yìn ín. Ní oṣù Kẹfà 2016, ó wó nígbà tí òjò ńlá rọ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni, nítorí wọ́n ti dá lílò rẹ̀ dúró ṣáájú ọjọ́ náà. A kò mẹ́nu bà á láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó fi hàn pé ọmọ wa lè fi igi wa ronú ohun gíga, ó sì fi hàn pé igi tí òjò àti oòrùn ń pa nílò àyẹ̀wò àti àtúnṣe tí kì í dáwọ́ dúró. Ó yẹ kí òfin sọ iye ìgbà tí a ó ṣe àyẹ̀wò náà àti ẹni tí yóò ṣe é.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé kọnkéré nìkan ti tó fún ààbò. Ilé kọnkéré alájà 21 tó wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2021 pa èèyàn tó lé ní 40. Ilé-ìwé tó wó ní Jos ní oṣù Keje 2024 pa èèyàn 22, tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ nínú wọn. Níbi tí a kò bá ti bọ̀wọ̀ fún àyẹ̀wò, kò sí ohun èlò tó lè gba èèyàn là.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí òfin tó yí padà

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí Kwárà tó gba ilé onígi gíga láyè, ó kéré tán, ohun márùn-ún ló yẹ kí a kọ́kọ́ rí.

Èkíní ni ìdánwò àti òǹtẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá ra igi ní sọ́mìlì, ojú àti ọ̀rọ̀ ẹnu ló fi ń rà á. Igi líle bíi àpá àti igi fẹ́lẹ́ bíi àrẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni igi kan náà tó ní kókó tàbí tó lanu kò lè gbé ohun tí èyí tó dán lè gbé. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ìlọrin ti dán agbára àwọn igi kan tó ń hù ní Kwárà wò. Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Igbó ti wà ní Ìbàdàn láti 1954. Ìmọ̀ wà. Ohun tó kù ni kí ìmọ̀ náà di òǹtẹ̀ lára igi tí káfíńtà ń rà.

Èkejì ni gbígbẹ àti ìtọ́jú. Igi tútù tí a kàn mọ́lẹ̀ nígbà òjò yóò sún kì nígbà ọyẹ́, ìṣó rẹ̀ yóò sì tú. Ikán ilẹ̀ wa kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré; kò sí ọ̀rọ̀ ikán bẹ́ẹ̀ nínú òfin Norway, nítorí náà a kò lè da òfin wọn kọ bó ṣe wà.

Ẹ̀kẹta ni panápaná. Àkàsọ̀ ọkọ̀ wọn lè dé àjà mélòó? Ìṣẹ́jú mélòó ni ọkọ̀ náà yóò fi dé Òkè-Oyi, níbo ni yóò sì ti rí omi fà? Gíga tí òfin bá fọwọ́ sí kò gbọ́dọ̀ kọjá ibi tí ìrànwọ́ lè dé.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn ayẹ̀wò tó mọ iṣẹ́ igi. Òṣìṣẹ́ tó mọ bí a ṣe ń dán búlọ́ọ̀kù wò lè má mọ bí a ṣe ń yẹ ìdè igi wò. Wọ́n nílò ẹ̀kọ́, àwọn káfíńtà wa náà sì nílò rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni igbó. Igi ilé kì í dàgbà ní ọdún kan. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn fún ilé onígi láìgbin mèlínà, tíìkì àti àwọn igi ìbílẹ̀ wa, ohun tó kù nínú igbó ìpínlẹ̀ yìí ni a ó gé tán. Òótọ́ ni pé ṣíṣe sìmẹ́ǹtì ń tú èéfín púpọ̀ sínú afẹ́fẹ́ ayé. Ṣùgbọ́n ilé onígi kò lè tún ayé ṣe níbi tí ẹni tó gé igi kò bá gbin òmíràn.

Ohun tí ará Òkè-Oyi lè ṣe lónìí

Bí òfin kò tilẹ̀ tíì yí padà, ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi pákó gbé àjà lé ilé ilẹ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ìpìlẹ̀ tí a fà fún ilé ilẹ̀ ni a ṣe ìṣirò rẹ̀ fún ilé ilẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi kún un, ẹnjiníà ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ sì gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ tó ń rí sí ètò ìlú ní ìpínlẹ̀ wa kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìjì tó máa ń jà nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀ ti ká òrùlé ọ̀pọ̀ èèyàn ní agbègbè wa. Kí ẹ ra igi gbígbẹ, kí ẹ fi oògùn ikán kùn ún kí a tó kàn án, kí ẹ sì rí i pé a fi irin dè é mọ́ orí ògiri; ìṣó nìkan kò tó.

Kí wáyà iná má ṣe máa kọjá lórí igi àjà ní ìhòòhò. Inú páìpù ni kí ó wà. Bí ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù onípákó, kí ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ti aládùúgbò, kí ẹ má sì dáná sínú rẹ̀.

Bí ẹ bá ń ṣe dẹ́kìn, kí ẹ má ṣe yọ igi ìtìró rẹ̀ kí ẹnjiníà tó ní kí ẹ yọ ọ́, bó ti wù kí ẹni tó yá yín ní igi náà máa kánjú tó.

A kò sọ pé ilé onígi gíga kò ní dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé ní Òkè-Oyi lónìí dàgbà di ẹnjiníà tí yóò kọ́ ọ, pẹ̀lú igi tí a gbìn ní ìpínlẹ̀ yìí. Bí ó bá máa rí bẹ́ẹ̀, àwa ni a ó gbin igi náà, àwa ni a ó sì kọ́ bí a ṣe ń dán an wò, kí òfin tó sọ iye àjà tí ó lè gbé.